Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ àti Ààlà Ìjọba: Ara Obìnrin Ìgbómìnà Lábẹ́ Òfin Méjì

1. Ìfáárà

Àkọsílẹ̀ lórí ìtàn Ìgbómìnà kò kéré mọ́. A ti kà nípa Ọ̀ràngún àti bí àwọn ìlú ṣe tẹ̀dó. A ti kà nípa ogun Ìlọrin àti ogun Ìbàdàn. A ti kà nípa àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tọkùnrin tobìnrin, tí iye wọn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, tí ìjọba sì kọ́ ilé fún ní 1945, èyí tí í ṣe ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, a ti kà nípa ọ̀rọ̀ ààlà: bí a ṣe pín ọmọ Ìgbómìnà sí Àríwá àti Ìwọ̀-Oòrùn, àti bí àwọn àgbà ìlú ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a dá àwọn padà sọ́dọ̀ àwọn ará wọn. Ohun tí a kò tíì rí kà tó ni ohun tí ààlà náà ṣe sí obìnrin.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni a fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nínú bébà yìí. Ààlà tí ìjọba fà láti fi pín ọba, ilẹ̀ àti owó-orí ni ó wá di ààlà tí ó gba ara obìnrin kọjá. Bí ọmọ ìyá méjì bá wà, tí ọ̀kan wà nílé ọkọ ní Ìlá, tí èkejì wà nílé ọkọ ní Òmù-Àrán, ojú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òfin fi wò wọ́n nípa ìbò, nípa oyún, àti nípa ọwọ́ tí ọkọ lè gbé sókè sí wọn. Bẹ́ẹ̀ ni a óò sì rí i pé àṣà àwọn baba ńlá àti ìyá ńlá wa ti fún abiyamọ ní agbára kan tí ọ̀kankan nínú òfin méjèèjì kò mọ̀.

Ojú-ìwòye tí a óò fi wo ọ̀rọ̀ náà ni èyí tí àwọn onímọ̀ wa ń pè ní ìṣègbèfábo. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a yá lọ́wọ́ rẹ̀: ta ni ó ní àṣẹ lórí ara obìnrin, láti ìgbà tí oyún ti dúró sí i nínú títí di ìgbà tí ó já ọmọ lẹ́nu ọmú?

2. Bí ààlà náà ṣe wáyé

Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú Ìgbómìnà ni ó wà lábẹ́ agbára Ìlọrin. Ogun Jálumi jà ní 1878. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ogun kò tú àgọ́ títí di 1893. Ní 1897 ni ilé-iṣẹ́ Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Àríwá Nàìjíríà sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1900, Ìlọrin àti àwọn ìlú tí a kà mọ́ ọn ni wọ́n kó sí i. Báyìí ni Òmù-Àrán, Èsìẹ́, Òrò àti Àjàṣẹ́-Ìpo ṣe di ará Àríwá, tí Ìlá-Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá sì wà ní Gúúsù.

Ìdàpọ̀ 1914 kò mú ààlà náà kúrò. Ní 1957 sí 1958, Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹ̀hónú àwọn Yorùbá tí ó wà ní Ìlọrin àti Kàbà tí wọ́n fẹ́ bọ́ sí Ìwọ̀-Oòrùn. Ààlà kò yẹ̀. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀ ní 1967, àti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, ojú ibi tí ìlà àtijọ́ gbà ni ìlà tuntun náà gbà láàrin Ìlá àti Òmù-Àrán.

Kí a má sì gbàgbé pé ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Ẹni tí ó bá jí ní kùtùkùtù ní Ìlá lè fẹsẹ̀ rìn dé Òmù-Àrán kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ̀ka èdè kan náà ni wọ́n ń sọ, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ìyàwó, aboyún àti ìkókó. Nítorí náà, bí a bá rí ìyàtọ̀ nínú bí a ṣe ṣe òfin lé obìnrin ìhín àti obìnrin ọ̀hún lórí, kì í ṣe àṣà ni ó bí ìyàtọ̀ náà. Ààlà ni.

3. Agbára abiyamọ nínú agbo ilé

Orí ìkúnlẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń bímọ láyé àtijọ́. Nínú ìkúnlẹ̀ náà ni a ti rí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bẹ̀ tí ó le jù lọ nínú èdè Yorùbá. Ẹni tí a bá fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ bẹ̀, bí inú rẹ̀ ti wù kí ó ru tó, ó níláti rọjú. Ohun tí èdè yìí ń sọ fún òpìtàn ni pé ìrora obìnrin kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́; ẹ̀rí ni, ó sì ní àṣẹ lójú ọba àti lójú ìjòyè.

Lẹ́yìn ìkúnlẹ̀, ìtọ́jú ọmọ ni ó kàn. Níhìn-ín ni agbára tí a ń wí wà. Bí obìnrin bá ti bímọ, kì í bá ọkọ rẹ̀ sùn títí tí ọmọ yóò fi rìn dáadáa, tí a ó sì já a lẹ́nu ọmú. Èyí a máa tó ọdún méjì, a sì máa tó ọdún mẹ́ta. Ìwádìí J. C. Caldwell àti Pat Caldwell láàrin àwọn Yorùbá, tí a tẹ̀ jáde ní 1977, fi hàn pé ìgbàgbọ́ tí ó ròkè jù ni pé àtọ̀ ọkùnrin a máa ba omi ọmú jẹ́, ọmọ a sì ṣàìsàn. Ojúti ńlá ni fún ọkọ tí ó bá fún abiyamọ lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn. Ìyá ọkọ fúnra rẹ̀ a máa ṣọ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àwọn obìnrin ilé a sì máa gbè sẹ́yìn abiyamọ.

Kì í ṣe ìgbàgbọ́ lásán náà ni. Nígbà tí dókítà David Morley ń ṣiṣẹ́ ní Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà láti 1956, tí ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé, ó rí i bí àìjẹunkánú ṣe ń fa ikú ọmọdé. Níbẹ̀ ni ó ti gbé káàdì tí a fi ń wọn ìdàgbàsókè ọmọ jáde, èyí tí ilé ìtọ́jú ọmọ káàkiri ayé ń lò lónìí. Ẹni tí ó bá mọ bí ọmọ tí a tètè já lẹ́nu ọmú ṣe ń rù yóò mọ ìdí tí àwọn ìyá àgbà fi fi ọwọ́ líle mú èèwọ̀ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí jẹ́ ní ojú-ìwòye tiwa. Fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta lẹ́yìn ìbímọ kọ̀ọ̀kan, obìnrin lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé rárá, gbogbo agbo ilé a sì sọ pé òótọ́ ni ó sọ. Bí obìnrin bá sì ti ń rí ọmọ-ọmọ, a retí pé kí òun náà dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, kò sì sí ẹni tí yóò dá a lẹ́bi bí ó bá kúrò ní yàrá ọkọ. Èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò gbọdọ̀ parẹ́ nítorí pé a fẹ́ yin àṣà wa. Rárá tí abiyamọ ń sọ kì í ṣe ti ara rẹ̀. Ti ọmọ ni. Obìnrin tí kò ní ọmọ lẹ́yìn kò ní àwíjàre kan náà. Àgàn, tí ó ń wá ọmọ lọ sí ẹsẹ̀ òrìṣà, ni ó mọ bí agbára náà ti mọ. Bákan náà, ohun tí ó mú kí ó rọrùn fún ọkọ láti dúró ni pé ó lè ní ìyàwó mìíràn nílé. Àṣà fún ìyá ní àṣẹ. Kò fún obìnrin ní àṣẹ nítorí pé ó jẹ́ obìnrin.

Nígbà tí ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Ìgbàgbọ́ gbilẹ̀ ní Ìgbómìnà, èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dínkù. Mùsùlùmí mọ ogójì ọjọ́ ẹ̀jẹ̀ ìbímọ, Àlùkùránì sì mẹ́nu ba ọdún méjì fún ọmú fífún, ṣùgbọ́n kò so ìkóra-ẹni-níjàánu mọ́ gbogbo ọdún náà. Onígbàgbọ́ tí ó ní ìyàwó kan ṣoṣo kò rí ibòmíràn yà sí. Ìwádìí àwọn Caldwell fi hàn pé àwọn tí ó kàwé ni ó kọ́kọ́ gé àkókò náà kúrú. Bí rárá ìyá àgbà ṣe ń rọ, òfin ìjọba ni ó kù tí obìnrin lè gbójú lé. Kí ni òfin náà wá sọ?

4. Ìbò ọdún 1959

Kí a tó dé orí òfin, ó yẹ kí a bi ara wa pé ta ni ó ṣe é. Ní Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn, obìnrin dìbò nínú ìdìbò àpapọ̀ ti ọjọ́ kejìlá oṣù kejìlá 1959. Ní Àríwá, ọkùnrin nìkan ni. Funmilayo Ransome-Kuti àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn obìnrin Àríwá láti ìgbà náà. Gambo Sawaba náà jìyà púpọ̀ ní ilẹ̀ Hausa nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ó di 1976 kí ìjọba ológun tó fún obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ ìbò, ó sì di ìdìbò 1979 kí wọ́n tó lò ó láti yan ìjọba orílẹ̀-èdè.

Àwọn òǹkọ̀wé a máa sọ̀rọ̀ yìí bí ẹni pé obìnrin Hausa tí ó wà nínú kúlẹ̀ nìkan ni ó kàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Obìnrin Òmù-Àrán tí ó ń ná ọjà, tí ó ń lọ sóko, tí ó ń dá owó tirẹ̀, tí kò sì sí nínú kúlẹ̀ kankan, kò dìbò ní 1959. Àbúrò rẹ̀ ní Ìlá dìbò. Ogún ọdún gbáko ni ó wà láàrin ìbò àbúrò àti ìbò ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọkùnrin Ìgbómìnà tí ó ń jà pé a ya àwọn kúrò lára ẹbí wọn ní àre. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ìbò tí wọ́n fi jà. Àwọn ìyàwó wọn kò ní in.

5. Òfin méjì lórí ara kan

Láti 1916, Òfin Ìwà Ọ̀daràn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi de gbogbo Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kóòtù ìbílẹ̀ ń dá ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ní ìlànà tiwọn. Ní 1958, ìjọba Àríwá pe ìgbìmọ̀ àwọn amòfin kan láti tún òfin ilẹ̀ wọn ṣe. Muhammad Abu Rannat, olórí adájọ́ ilẹ̀ Sudan, ni alága. Mohammed Sharif wá láti Pakistan, J. N. D. Anderson sì wá láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí obìnrin kankan nínú ìgbìmọ̀ náà. Lára òfin Sudan, tí òun náà ti ara òfin India jáde, ni wọ́n ti fa òfin tuntun yọ. Ilé Aṣòfin Àríwá gbà á wọlé ní 1959, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án 1960, ọ̀la òmìnira. Òun ni a mọ̀ sí Penal Code. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ ìyá méjì wa ti bọ́ sábẹ́ òfin méjì.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹ̀ wò.

Èkíní ni oyún ṣíṣẹ́. Òfin méjèèjì kà á sí ọ̀ràn àyàfi bí ó bá jẹ́ láti gba ẹ̀mí obìnrin náà là. Ṣùgbọ́n ní Gúúsù, abala 228 dá ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tí ó bá bá obìnrin ṣẹ́ oyún, abala 229 sì dá ọdún 7 fún obìnrin tí ó bá ṣẹ́ ti ara rẹ̀. Òfin Gúúsù gbà, bí ó tilẹ̀ kéré, pé ẹni tí ọ̀ràn wà lára rẹ̀ kò bá ẹni tí ó wá ṣe é lára rẹ̀ dọ́gba. Ní Àríwá, abala 232 kó wọn pọ̀: ọdún 14, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì, obìnrin tí ó ṣe é fún ara rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Fún ìṣe kan náà, ẹ̀wọ̀n tí ó lè kan obìnrin Òmù-Àrán jẹ́ ìlọ́po méjì ti obìnrin Ìlá.

Èkejì ni lílù. Abala 55 nínú òfin Àríwá sọ pé kò sí ọ̀ràn lọ́rùn ọkọ tí ó bá na aya rẹ̀ láti bá a wí, bí àṣà tí ó de àwọn méjèèjì bá fàyè gbà á, tí ìpalára náà kò sì burú jáì. Òfin náà tún ka ohun tí ó burú jáì: bí ojú bá fọ́, bí etí bá di, bí eegun tàbí eyín bá kán, àti irú wọn. Òfin Gúúsù kò ní irú abala bẹ́ẹ̀. A kò sọ pé ọkọ kì í na aya ní Ìlá. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ó bá nà án, kò rí ibi kankan nínú ìwé òfin tí yóò sá sí. Ọkọ ti Òmù-Àrán rí i. Kí a sì kíyè sí i pé orúkọ àṣà ni òfin náà fi ṣe àwíjàre, àṣà kan náà tí ó ní kí ọkọ jìnnà sí abiyamọ. Nígbà tí àṣà fún ọkọ ní ẹgba, òfin rántí rẹ̀. Nígbà tí àṣà fún aya ní rárá, òfin kò gbọ́.

Ẹ̀kẹta ni ìbálòpọ̀ tipátipá. Níhìn-ín, Àríwá àti Gúúsù fi ohùn ṣọ̀kan. Abala 6 ti Gúúsù yọ ìbálòpọ̀ láàrin ọkọ àti aya kúrò nínú ohun tí òfin kà sí àìtọ́. Abala 282 ti Àríwá sọ pé ìbálòpọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú aya rẹ̀ kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀ bí aya náà bá ti bàlágà. Nítorí náà, abiyamọ tí ó gbé ọmọ oṣù mẹ́fà lọ́wọ́, tí ìyá ọkọ ìbá gbè lẹ́yìn láyé àtijọ́, kò ní ẹjọ́ kankan tí ó lè pè ní ìhà kankan nínú ààlà. Ohun tí agbo ilé kà sí èèwọ̀ ni òfin kà sí ẹ̀tọ́ ọkọ.

6. Ohun tí àwọn onímọ̀ wí

Ọ̀pọ̀ ti kọ̀wé lórí ipò obìnrin Yorùbá. Ní 1977, Bolanle Awe fi ipò Ìyálóde hàn wá, ó sì dá wa lójú pé obìnrin ti wà nínú ìṣèlú láti ìgbà pípẹ́. Ní 1997, Oyeronke Oyewumi jiyàn pé ọjọ́ orí ni Yorùbá fi ń to ènìyàn, kì í ṣe akọ tàbí abo, àti pé àwọn Òyìnbó ni ó gbé ìpín náà wá. Nínú ìwé rẹ̀ ti 2016, ó fi ìyá ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Bibi Bakare-Yusuf ta kò ó pé bí èdè kò tilẹ̀ ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, agbára lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìṣe.

Lójú tiwa, Ìgbómìnà fún ọ̀tún àti òsì ní apá kan òtítọ́. Oyewumi jàre pé òfin àjèjì ni ó sọ abiyamọ di aya lásán: ilé aṣòfin kò mọ ìyá, ọkọ àti aya ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n Bakare-Yusuf náà jàre, nítorí pé àṣà tí òfin náà tọ́ka sí ní abala 55 kì í ṣe irọ́ tí Òyìnbó pa. Ó wà nílé wa. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá gbogbo ẹ̀bi rù ààlà yóò gbàgbé pé ọwọ́ tí ó gbé ẹgba kì í ṣe ọwọ́ ajẹ́lẹ̀.

7. Lẹ́yìn òmìnira

Ìgbìyànjú láti yí òfin padà kò tètè so èso. Ní 1981, àwọn dókítà aláboyún gbé àbá òfin lórí oyún ṣíṣẹ́ lọ sí Ilé Aṣòjú-ṣòfin, kò yege. Ní 1982 ni a dá ẹgbẹ́ Women in Nigeria sílẹ̀ ní Sàríà, nínú Àríwá gan-an. Ní 1988, nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Funmilayo, jẹ́ mínísítà ìlera, ìjọba gbé ìlànà ètò iye ènìyàn jáde pé kí ọmọ má ju mẹ́rin lọ fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin kíyè sí i lójú ẹsẹ̀ pé obìnrin ni a ka ọmọ sí lọ́rùn. Ọkùnrin tí ó ní aya mẹ́rin lè bí mẹ́rìndínlógún kí ó má sì rú ìlànà.

Ní 2015 ni ìyípadà gidi dé. Òfin àpapọ̀ tí ó de ìwà ipá sí ènìyàn kò yọ ọkọ sílẹ̀ nínú ìtumọ̀ ìfipábánilòpọ̀, ó ka lílu aya sí ọ̀ràn, ó sì fòfin de ìdábẹ́ ọmọbìnrin, èyí tí ìwádìí orílẹ̀-èdè ti 2018 rí lára nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn obìnrin ọmọ ọdún 15 sí 49. Olú-ìlú Àbújá ni òfin náà kọ́kọ́ de. Kwárà àti Ọ̀ṣun ṣe tiwọn lẹ́yìn náà. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó lábẹ́ ìbòji kan náà nìyẹn.

Síbẹ̀, ìkúnlẹ̀ ṣì ń pa ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní 2020, nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, ìyá 1,047 ni ó bá oyún tàbí ìbímọ lọ. Ẹni tí ó bá ń béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ àṣẹ lórí ara wúlò fún, kí ó fi iye yìí sí ọkàn.

8. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìtàn ààlà Ìgbómìnà kò pé bí a kò bá sọ ọ́ láti ẹnu obìnrin. Àṣà fún abiyamọ ní rárá kan, ṣùgbọ́n ó so ó mọ́ ọmọ. Òfin ìjọba gba rárá náà lọ́wọ́ rẹ̀ níhà méjèèjì, ó sì tún fi ìyà kún ti ẹni tí ó wà ní Àríwá, nígbà tí ẹni náà kò ní ìbò láti fi kọ̀ ọ́. Èyí tí ó kù fún ọjọ́ iwájú ni rárá tí yóò jẹ́ ti obìnrin fúnra rẹ̀, yálà ó bímọ tàbí kò bí.

Iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tí kò ṣeé dá dúró. Ọjọ́ orí ìdìbò ní 1959 jẹ́ ọdún 21. Obìnrin tí ó pé ọdún náà nígbà yẹn ti lé ní ọmọ ọgọ́rin ọdún àti márùn-ún báyìí. Díẹ̀ nínú wọn ṣì wà ní Òmù-Àrán, ní Èsìẹ́ àti ní Ìlá. Àwọn ni ó mọ ìgbà tí a dẹ́kun ṣíṣọ́ ọkọ fún abiyamọ. Àwọn ni ó mọ ohun tí adájọ́ kóòtù ìbílẹ̀ ń sọ fún aya tí ó mú ojú wíwú wá síwájú rẹ̀. Àwọn ni ó jókòó sílé ní ọjọ́ tí àbúrò wọn lọ tẹ̀ka. Àwọn ère Èsìẹ́ ti dúró dè wá fún ọgọ́rùn-ún ọdún púpọ̀, wọn yóò sì tún dúró. Àwọn ìyá wọ̀nyí kì í ṣe òkúta. Kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá iṣẹ́ ìwádìí mú ìwé àti ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, kí ó sì tètè lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn.